Títì wa ti gbóná jù: ṣé igi ni ká gbìn ni, àbí òrùlé ni ká kùn?

Alámòójútó_Ojúlé
Ẹ kú àdúgbò o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìṣirò nínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fọkàn sí i.

Títì kan ló wà, gígùn rẹ̀ 200 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ 12 mítà, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ilé wà lọ́tùn-ún lósì, òrùlé páánù sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọgbà ilé-ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ 40 mítà sí 25 mítà, kankéré ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀. Igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ tán, ó ku 3 péré. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ igi àgbà: ìdí wọn fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tàn tó 14 mítà láti etí kan dé èkejì. Àwọn kan ti ń sọ pé ká gé àwọn náà kí ààyè ọkọ̀ lè pọ̀ sí i.

Owó tó wà nílẹ̀ ò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Àbá 3 ló wà: ká gbin igi kékeré 40, ká kun òrùlé ní funfun, tàbí ká fi ọ̀dà funfun kun ojú títì. Èwo ló máa dín ooru kù lóòótọ́? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ó dín kù?

Awọnooru
Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ìlú ti ń wọmi.

Oríṣi ooru 3 ló wà lójú títì yín, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ooru ojú nǹkan: ọ̀dà títì lè gbóná tó dígírì 60 lọ́sàn-án nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní 35. Èkejì ni ooru afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ooru tó ń ta luni láti ojú oòrùn, láti ara ògiri àti láti ilẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ló ń dá ẹni tó ń rìn ní títì lágara. Àwòrán tí sàtẹ́láìtì ń yà, èyí tí wọ́n ń fi pupa àti búlúù kùn, ooru ojú nǹkan nìkan ló ń fi hàn, òrùlé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń rí látòkè. Òrùlé lè fi dígírì 20 tutù lójú sàtẹ́láìtì kí afẹ́fẹ́ tó wà ní títì má yí padà tó dígírì 1.

Fún afẹ́fẹ́, ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, 4 ó kéré tán. Ẹ gbé wọn kọ́ ní gíga mítà 2, nínú àpótí funfun tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oòrùn má bàa kàn wọ́n, kí atẹ́gùn sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ògiri lẹ ń wọ̀n. Kí 2 wà lójú títì, 1 lábẹ́ àwọn igi àgbà yẹn, 1 ní gbangba ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Kó máa kọ ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹ sì tún un ṣe ní àsìkò kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé iṣẹ́. Kí ẹ tó gbé wọn kọ́, ẹ kó gbogbo wọn sínú yàrá kan náà mọ́jú. Èyí tó bá fi dígírì 0.5 yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, ẹ ó máa yọ ọ́ nínú ìṣirò.

Ẹ má wo ọ̀sán nìkan. Luke Howard, tó ń wọn ojú ọjọ́ London ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, rí i pé ìlú náà fi nǹkan bíi dígírì 2 gbóná ju ìgbèríko lọ lóru, bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ìlú tilẹ̀ fi díẹ̀ tutù jù ú lọ. Kankéré àti ọ̀dà ń gba ooru sára láti òwúrọ̀, wọ́n á wá máa tú u sílẹ̀ títí di ìdájí. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni ìyàtọ̀ máa ń hàn jù.

Fún ooru tó ń ta luni, òṣùwọ̀n 3 lẹ nílò pa pọ̀: èyí tí wọ́n fi òwú tútù wé nímú, èyí tó wà nínú bọ́ọ̀lù bàbà dúdú tó fẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà, àti èyí tó wọ́pọ̀, tó wà níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ fi 0.7 sọ ti òwú tútù di púpọ̀, 0.2 ti bọ́ọ̀lù dúdú, 0.1 ti afẹ́fẹ́, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Nínú oòrùn: òwú 26, bọ́ọ̀lù 48, afẹ́fẹ́ 34. Ìyẹn jẹ́ 18.2 àti 9.6 àti 3.4, àpapọ̀ 31.2. Lábẹ́ igi: òwú 26, bọ́ọ̀lù 36, afẹ́fẹ́ 33. Àpapọ̀ 28.7. Afẹ́fẹ́ fi dígírì 1 péré yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ara ń rí fi 2.5 yàtọ̀. Ẹni tó bá wo afẹ́fẹ́ nìkan á ní igi ò ṣe nǹkan kan.

Ayàwòrán_Ilé
Ẹ kú iṣẹ́, Awọnooru. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òrùlé kún un.

Páánù tuntun tó ń dán máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Òótọ́ ni pé ó ń dá oòrùn padà, àmọ́ ahun ni: ooru tó bá ti wọ ara rẹ̀, kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà funfun ń dá oòrùn padà, ó sì tún ń tú ooru sílẹ̀ sójú ọ̀run. Ìdí nìyí tí páánù dídán fi lè jó ọwọ́ lọ́sàn-án, tí ojúlé kejì tí wọ́n kùn ní funfun ò sì jó o. Páánù tó ti dípẹtà burú ju méjèèjì lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ òrùlé, kí eruku àti ẹ̀rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ dí ojú ìṣó àti ojú ibi tó ń jò. Ẹ ha ìpẹtà dànù, kí ẹ fi ọ̀dà tó ń gbógun ti ìpẹtà kùn ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ọ̀dà òrùlé tó ń nà bíi rọ́bà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀dà ògiri inú ilé; ti inú ilé á di ìyẹ̀fun láàárín ọdún kan. Ìpele 2 ni, kí ìkejì dábùú ìkíní. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi lítà 0.4 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Òrùlé tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 80 á gba lítà 64. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un nítorí pé páánù lọ́ wóńbé-wóńbé, ó di nǹkan bíi 70.

Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́: kíkùn ún nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ láàárọ̀. Omi á há sábẹ́ ọ̀dà, oòrùn á lé e, ọ̀dà á wú bíi ọwọ́ tó jóná, á sì ṣí. Ẹ tún rántí pé ọ̀dà tuntun ń dá nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 oòrùn padà, ṣùgbọ́n eruku á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 60 láàárín ọdún 2 sí 3 bí wọn ò bá ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń gba omi òjò mu láti orí òrùlé náà, kó rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀dà pé ó dára fún omi mímu.

Ní ti ọ̀dà funfun lójú títì, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n dán an wò ní Los Angeles, àwọn olùwádìí sì lọ wọ̀n ọ́n. Ojú títì tutù sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan, oòrùn tí títì náà ń dá padà ń ba ara ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀, ooru tó ń ta lù ú sì fi nǹkan bíi dígírì 4 ju ti títì lásán lọ. Òrùlé dára fún funfun nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í rìn lórí rẹ̀.

Kùn_ún_Funfun
Mo gbà pẹ̀lú ti òrùlé, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa fi igi tu ara wa nínú. Igi kékeré 40 yẹn, ọdún mélòó ni kí wọ́n tó ní ibòji? Ọ̀pọ̀ igi tí àwọn ìlú ń gbìn ló ń kú kó tó pé ọdún 3. Ọjọ́ tí a bá kun òrùlé ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká kó gbogbo owó lé òrùlé, ká gbàgbé igi.

Onígi
Kùn_ún_Funfun, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀: igi kékeré 40 nínú ihò 40 ò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ ná.

Orí igi tó fẹ̀ ní mítà 14 ń bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 154. Igi 3 jẹ́ 462. Igi kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, bí orí rẹ̀ bá bo mítà onígun mẹ́rin 1, ó ti gbìyànjú. Ogójì rẹ̀ jẹ́ 40. Ẹni tó bá gé igi 3 yẹn láti gbin 40, ó ti sọ ibòji tó lé ní 400 nù lọ́jọ́ kan, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ gbèsè ogún ọdún. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Madison ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ìgbà tí ìbòrí ewé bá tó ìdá 40 nínú 100 ilẹ̀ àdúgbò kan ni afẹ́fẹ́ ọ̀sán ń tutù jù. Bí a bá fi títì yín nìkan ṣe ìṣirò, 2,400 ni ilẹ̀ rẹ̀, ìdá 40 nínú rẹ̀ jẹ́ 960. Igi 3 yẹn nìkan ti fẹ́ kó ìdajì rẹ̀.

Ibòji nìkan kọ́. Lítà omi 1 tó bá gba ojú ewé gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ń gbé ooru tó tó kìlówáàtì-wákàtí 0.68 lọ. Igi ńlá tó rí omi mu dáadáa lè lo lítà 100 lóòjọ́: ìyẹn 68. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló ń kó irú ooru bẹ́ẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀, títì ló ń dà á sí, ó sì tún ń fi ti iná mànàmáná tó jẹ kún un. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, apá yìí ń dín kù, ibòji ló máa kù tó ń ṣe iṣẹ́ jù.

Ní báyìí, kí ló dé tí igi tí ìlú gbìn ń kú? Yẹ̀pẹ̀ ni, kì í ṣe igi. Ẹ wo ihò tí wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sínú kankéré: mítà 1 sí mítà 1, jíjìn mítà 1. Kúbíìkì mítà 1 yẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Ìṣirò tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò ni pé gbogbo mítà onígun mẹ́rin 1 orí igi nílò kúbíìkì mítà 0.3 sí 0.6 yẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò lè wọ̀. Kúbíìkì mítà 1 yẹ̀pẹ̀ ò lè bọ́ ju orí tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2 tàbí 3 lọ. Igi á dàgbà dé ibẹ̀, á dúró, ewé rẹ̀ á máa jó létí lọ́dọọdún, àrùn á wọlé. Àwọn èèyàn á ní igi náà ò dára, nígbà tó jẹ́ pé inú ìkòkò ni wọ́n gbìn ín sí.

Ó yá, ẹ má gbẹ́ ihò, ẹ gbẹ́ kòtò gígùn. Fífẹ̀ mítà 2, jíjìn mítà 1, kí igi kọ̀ọ̀kan ní mítà 8 nínú gígùn rẹ̀. Kúbíìkì mítà 16 nìyẹn fún igi kan, orí rẹ̀ lè fẹ̀ dé mítà 6 sí 7 láìjìyà. Àwọn igi tó wà nínú kòtò kan náà á tún máa yá ara wọn ní ààyè. Owó tí ẹ fẹ́ fi gbin 40, ẹ fi gbin 8, kí ìyókù wọ inú ilẹ̀.

Kùn_ún_Funfun
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ìṣirò 462 sí 40 yẹn ti yí èrò mi padà lórí igi àgbà. Àmọ́ igi 8 yẹn ńkọ́? Kí ni ẹ̀rí pé kò ní kú bíi ti ìṣáájú?

Onígi
Ó dọwọ́ bí ẹ bá ṣe gbìn ín. Mo máa to ohun tó ń pa wọ́n.

Ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ igi kékeré ni àkọ́kọ́. Igi tó pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò rẹ̀ á máa yí ká ara rẹ̀ bíi okùn tí wọ́n ká. Bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, á máa sanra títí tí gbòǹgbò á fi fún ìdí rẹ̀ lọ́rùn ní ọdún 8 tàbí 10, ìjì kékeré á sì wó o. Ẹ tú ọ̀rá kúrò, ẹ fi ọ̀bẹ mímú là á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ojú 4, kí ẹ fi ọwọ́ ya gbòǹgbò síta. Bí èyí tó yí ká bá ti nípọn bí ọmọ-ìka, ẹ dá igi náà padà fún ẹni tó tà á.

Ìkejì, jíjìn jù. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Bí igi bá wọlẹ̀ tààrà bí òpó iná, ẹ ti rì í. Ojú ibi tí ẹ máa gbìn ín sí fẹ̀ ju ìdì gbòǹgbò lọ ní ìlọ́po 2 sí 3, kò sì jìn jù ú lọ rárá.

Ìkẹta ni omi. Igi tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní 3 sí 4 sẹ̀ǹtímítà nílò lítà 40 sí 60 lọ́sẹ̀ ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ní ìgbà 2, kó wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọdún 2 ó kéré tán. Bíbomi rin ín ní kọ́ọ̀bù kan lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti dúró lókè ilẹ̀ ni. Ẹ da èèpo igi wẹ́wẹ́ tàbí ewé gbígbẹ sí i lórí, kó nípọn tó 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ìdí igi tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Èyí tí wọ́n bá kó jọ mọ́ ìdí igi bí òkìtì, ó ń mú kí èèpo rẹ̀ jẹrà.

Òpó tí ẹ bá so ó mọ́, ẹ so ó nísàlẹ̀, kí orí igi lè máa mì. Ìmì yẹn ló ń mú ìdí rẹ̀ le. Lẹ́yìn ọdún 1, ẹ yọ ọ́. Àìmọye igi ni okùn tí wọ́n gbàgbé ti jẹ wọ inú.

Ẹlẹ́rọ_Omi
Ẹ kú àlàyé, Onígi. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ gé kankéré, ẹ lọ mú àwòrán páìpù omi, wáyà iná àti gọ́tà abẹ́lẹ̀ wá, kí ẹ sì gbẹ́ ojú ibi díẹ̀ wò pẹ̀lú ọwọ́, nítorí àwòrán àti ilẹ̀ kì í sábà bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò jíjìn 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Èyí kejì ni kí ẹ wọ̀n. Bí omi ò bá lọ sílẹ̀ tó 2.5 sẹ̀ǹtímítà ní wákàtí kan, ilẹ̀ náà ti dì. Ọkọ̀ tó ń tẹ abẹ́ títì nígbà tí wọ́n ń ṣe é ló fà á. Ẹ fi díígà tú u dé 50 sẹ̀ǹtímítà nígbà tó bá gbẹ. Bí ẹ bá tú u nígbà tó tutù, á tún dì padà bí amọ̀ ìkòkò. Ẹ wá po ilẹ̀dú mọ́ ọn.

Níbi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba orí kòtò kọjá, ẹ má da yẹ̀pẹ̀ lásán sí i, á rì. Ìlú Stockholm ń fi òkúta ńlá, 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, kún ibẹ̀ ní ìpele-ìpele. Òkúta á ru ọkọ̀, wọ́n á sì fi omi ti yẹ̀pẹ̀ àti èédú lílọ̀ wọ àlàfo tó wà láàárín wọn. Wọ́n máa ń fi ihò sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ àti omi òjò lè wọlé. Àlàfo yẹn ò ju nǹkan bíi ìdá 1 nínú 3 lọ, torí náà kòtò gbọ́dọ̀ tóbi ní ìlọ́po 3 kó tó fún igi ní yẹ̀pẹ̀ tó tó.

Alámòójútó_Ojúlé
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè 2 ló kù. Àwọn onílé ń bẹ̀rù pé gbòǹgbò á fọ́ páìpù wọn. Àwọn kan sì ń sọ pé ká tẹ́ kóríko oníke sí ọgbà ilé-ìwé, torí pé ó tutù lójú.

Ẹlẹ́rọ_Omi
Gbòǹgbò kì í wá páìpù kiri. Omi tó ń jò láti ojúkò páìpù ló ń pè é. Páìpù amọ̀ àtijọ́ àti èyí tí wọ́n fi símẹ́ǹtì so ni ó sábà máa ń wọ̀. Ẹ pààrọ̀ àwọn ojúkò tó ń jò sí èyí tó ní rọ́bà kí ẹ tó gbin igi, kí ẹ sì gbìn ín ní mítà 2 sí 3 sí i, ó kéré tán. Igi tó ní yẹ̀pẹ̀ tó dára nínú kòtò rẹ̀ kì í lépa ojúkò ẹlòmíràn.

Awọnooru
Ẹ má tẹ́ ẹ. Kóríko oníke ò lómi tí yóò tú sínú afẹ́fẹ́. Nínú oòrùn, ó lè gbóná ju ọ̀dà títì lọ, ó lè kọjá dígírì 60, orí rẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé máa ń jókòó sí. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń tọ́ka sí nǹkan láti wọn ooru ojú rẹ̀ wá síbẹ̀, ẹ fi í sí 0.95, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú nǹkan ṣe ń tú ooru sílẹ̀ tó, ẹ ó rí i fúnra yín. (Ẹ má fi òṣùwọ̀n yẹn wọn páánù dídán, irọ́ ló máa pa fún yín: á ní ó tutù.) Kóríko gidi dára jù ú, ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi, á gbẹ, kò sì ní ibòji. Ẹ ṣí kankéré nínú ọgbà náà tó mítà onígun mẹ́rin 200 nínú 1,000, ní apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń ti wọlé lu ògiri kíláàsì. Àwọn igi ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe kíláàsì náà lóore.

Nọ́ọ̀sì_Àárọ̀
Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ òrùlé tí ẹ máa kọ́kọ́ kùn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ooru ń pa. Ní Chicago ní 1995, ó lé ní 700 èèyàn tó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní Yúróòpù ní 2003, ó lé ní 70,000. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ń dá gbé àti àwọn tó wà ní yàrá tó kángun sí òrùlé sì wà nínú ewu jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni òru ò jẹ́ kí ara wọn sinmi: ọkàn tó fi gbogbo ọ̀sán ti ẹ̀jẹ̀ sí awọ ara kí ara lè tutù nílò wákàtí tí afẹ́fẹ́ fi tutù, bí kò bá rí i, á rẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá rí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò dá lórí nǹkan kan, tàbí tí kò dáhùn mọ́, ẹ má ṣe dúró kí ó sùn lé e. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára púpọ̀ kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹlòmíràn máa pe ọkọ̀ ilé-ìwòsàn. Ẹ má fi omi sí ẹnu ẹni tí kò mọra.

Ìlú Ahmedabad ní Íńdíà gbé ètò kalẹ̀ ní 2013 lẹ́yìn ooru líle tó jà ní 2010: ìkìlọ̀ ń jáde ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n sì ń kun òrùlé àwọn aláìní ní funfun. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dá gbé lójú títì yín. Orúkọ wọn ni kó kọ́kọ́ wà lórí ìwé ọ̀dà.

Ayàwòrán_Ilé
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Èmi ì bá sọ pé kí wọ́n fi páánù tó ti dípẹtà ṣáájú, ẹ ti tún èrò mi ṣe. Páánù tó dípẹtà nínú àwọn ilé tí Àǹtí sọ yẹn ni kó jẹ́ àkọ́kọ́.

Àbá_Ìlú
Kò sí ohun tí ẹ sọ tí mo fẹ́ yọ, àmọ́ ẹ̀yin ò ní lè dá a ṣe bí ìwé ò bá tì í lẹ́yìn. Ní 1950, nǹkan bíi ìdá 30 nínú 100 ọmọ aráyé ló ń gbé ìlú ńlá. Ní 2018 ó di 55, àjọ UN sì fojú bù ú pé á tó 68 ní 2050. Ilẹ̀ tí gbogbo wọn fẹ́ gbé, ilẹ̀ tí igi wà ló máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé òun ló dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò lò ó.

Singapore ní ìlànà láti 2009 pé ẹni tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ní àwọn àdúgbò kan gbọ́dọ̀ dá ewéko padà, ì báà jẹ́ lórí òrùlé tàbí lára ilé, kó tó ìwọ̀n ilẹ̀ tó gbà. Stuttgart ní Jámánì tilẹ̀ ń dá ọ̀nà sí fún atẹ́gùn tútù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọn kì í jẹ́ kí ilé dí i. Medellín ní Kòlóńbíà gbin 30 ọ̀nà igi sí etí títì àti etí odò, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ìlú láti máa tọ́jú wọn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ooru ti fi nǹkan bíi dígírì 2 rọlẹ̀. Ìtọ́jú ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Gbígbìn nìkan ò lè ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn nìyí: kọngílá ò ní gba ìdá 30 nínú 100 owó gbígbìn rẹ̀ àfi lẹ́yìn oṣù 36, ní iye igi tó bá ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà. Igi àgbà 3 yẹn, kí ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ wọn ìdí wọn ní gíga mítà 1.5, kí nọ́ńbà sì wà lára wọn. Èyí tí kò sí lórí ìwé rọrùn láti gé lálẹ́ Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́ òṣùwọ̀n tó rọrùn fún àdúgbò, ẹ lo èyí tí Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi inú ìlú, gbé kalẹ̀ ní 2021: kí ojú rí igi 3 láti inú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ìbòrí ewé tó ìdá 30 nínú 100 ní àdúgbò, kí ọgbà ìtura má jìnnà ju 300 mítà lọ.

Alámòójútó_Ojúlé
Ó yé wa. Ohun tí a ti fẹnu kò sí nìyí, kí ẹ wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Igi 3 ń dúró. Kòtò mítà 64 ní ẹ̀gbẹ́ títì tí oòrùn ọ̀sán ń kàn, igi 8 nínú rẹ̀. Òrùlé àwọn tó ń dá gbé àti àwọn àgbàlagbà, nǹkan bíi ilé 11. Ọ̀dà funfun lójú títì ti kúrò nílẹ̀. Ọgbà ilé-ìwé, mítà onígun mẹ́rin 200 lọ́dún yìí. Òṣùwọ̀n 4 á ti wà lókè ní ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú. Ìlà omi tuntun fún ọgbà náà á gba mítà 2 sí igi àgbà tó wà lẹ́nu géètì, torí ibẹ̀ ló tọ́ tààrà.

Onígi
Gbogbo rẹ̀ dára àfi ìlà omi yẹn. Ẹ dá a dúró kó tó di ọ̀la.

Fífẹ̀ ìdí igi, ìlọ́po 12, ni ìwọ̀n ilẹ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn yí i ká; ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí igi àti ilé kíkọ́ ló wí bẹ́ẹ̀. 50 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 12 jẹ́ mítà 6 sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Gbòǹgbò tó pọ̀ jù wà láàárín 60 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀, ibi tí kòtò páìpù ń gbà gan-an. Kòtò kan ní mítà 2 máa gé ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ yẹn. Igi náà ò ní kú lọ́dún yìí. Á máa wewé bí ẹni pé kò sí nǹkan, ní ọdún 3 sí 5 orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ látòkè, ẹnikẹ́ni ò sì ní rántí páìpù mọ́.

Ẹ gbé ìlà náà yí ká, kó jìn sí ìdí igi tó mítà 6. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń lu ihò gba abẹ́lẹ̀ kọjá ní jíjìn tó lé ní mítà 1, kí ojú ibi tí ẹ̀rọ á ti wọlé àti ibi tí á ti jáde wà lẹ́yìn mítà 6 náà. Ẹ fi okùn àti òpó yí ilẹ̀ náà ká kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: kò sí yanrìn níbẹ̀, kò sí símẹ́ǹtì, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Bí gbòǹgbò tó nípọn ju 2.5 sẹ̀ǹtímítà lọ bá ṣẹlẹ̀ pé ó yọ sí wọn, kí wọ́n má fi díígà fà á ya. Kí wọ́n pe ẹni tó máa fi ayùn gé e geerege, kí wọ́n sì fi àpò tútù bò ó títí wọ́n fi máa dí i padà.

Alámòójútó_Ojúlé
Mo ti pe kọngílá. Wọn ò tíì gbé díígà dé ibẹ̀. A ń gbé ìlà náà yí ká ẹ̀yìn ilé aṣọ́nà, á fi mítà 9 gùn sí i.